Ohun Tí A Gbé Bọ̀ Láti Erékùṣù Orí Adágún

Ní Àkúrẹ́, kí a tó lọ

Àwọn tó ń bi mí ní Arakale bóyá lóòótọ́ ni èmi àti ìyàwó mi lọ ṣe fàájì lórí erékùṣù kan ní Gáná ti pọ̀ débi pé ó ti sú mi láti máa rò ó láti ṣọ́ọ̀bù kan dé èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni, a lọ. A sùn sí ilé àlejò etí omi, a jẹ ẹja, a wọ ọkọ̀ ojú omi, mo sì rí irú igi tí mi ò rò pé ojú mi lè rí láyé. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ni a bá lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán síbí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnu mi lè sinmi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé igi ni mo fẹ́ràn. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, nínú ọ́fíìsì tí kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú igi, àfi tábìlì tí mò ń jókòó tì. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Láti kékeré ni mo ti ń tẹ̀lé bàbá mi lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, tí mo sì ń ṣa àjákù pákó sínú àpò ṣòkòtò. Títí di òní, pákó kéékèèké ló kún orí pẹpẹ ní pálọ̀ wa ní Oda: ìrókò, ọ̀gànwó, apá, afàrà, òmọ̀. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ wà níbẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ata rodo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Ẹ lè dì mí lójú, n ó ṣì mọ arère, torí pé bó bá tutù, ó máa ń rùn.

Ìyàwó mi, Ìyá Tómi, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ti igi rò. Tíṣà ni, ọmọ Oǹdó. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Akin, ni òun àti èmi jọ máa ń sọ ọ̀rọ̀ igi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni Akin ti kọ́ṣẹ́ lílà igi. Ibẹ̀ náà ló ti gbọ́ nípa adágún Fóltà, pé nígbà tí ìjọba Gáná sé odò náà, igbó tó wà nísàlẹ̀ kò kúrò, omi kàn bò ó ni. Igi ńláńlá ṣì dúró sábẹ́ omi. Àwọn ọkùnrin máa ń wọ inú omi lọ pẹ̀lú rọ́bà atẹ́gùn lẹ́nu àti ayùn ẹlẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, wọ́n á gé igi náà, igi á sì léfòó. Akin lọ. Ó máa ń fi fọ́tò igi ránṣẹ́ sí mi.

Ó di ọdún méjì báyìí tí ẹnìkan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pè wá. Ó ní ọkọ̀ wọn gun orí igi kan tó fara pamọ́ sínú omi, ó dojú dé, Akin sì bá omi lọ. Wọ́n rí òkú rẹ̀. Wọ́n ti sin ín sí erékùṣù kan lórí adágún náà.

Ìyá wọn wà ní Oǹdó. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa: ẹni tó bá kú sí ọ̀nà jíjìn tí wọn kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, wọ́n á gé irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n á dì í sínú aṣọ funfun, ìyẹn ni wọ́n á gbé wálé, ìyẹn ni wọ́n á sì sin bí ìgbà tó bá jẹ́ odindi ènìyàn. Kò sẹ́ni tó gbé nǹkan kan fún Màmá. Nígbà tí ìjọ wọn fẹ́ ṣe ìsìn ìrántí, ó kọ̀. Ó ní, "Ṣé orúkọ ni kí n sin?" Kò wọ dúdú. Ó ṣì máa ń pe nọ́ńbà Akin lórí fóònù, á gbọ́ ohùn obìnrin tó ń sọ pé fóònù náà ti wà ní pípa, á ní ó dáa, òun á tún pè é.

Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi ọlọ́dún ní oṣù kẹjọ, ìyàwó mi wá bá mi níbi tí mo ti ń nu àwọn pákó mi. Ó ní, "Bàbá Tómi, ẹ ò tíì gbé mi lọ síbì kankan láti ìgbà tí a ti fẹ́ra. Ẹ gbé mi lọ sí erékùṣù yẹn."

Mi ò bi í léèrè èwo. A fẹnu kò pé a kò ní sọ fún Màmá. Bí a bá rí irun àti èékánná, a ó gbé e lọ bá a. Bí a kò bá rí i, ohun tí yóò gbọ́ ni pé tọkọtaya lọ gbafẹ́, wọ́n sì ti dé.

Igi inú omi

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ẹnubodè dá yín dúró. Ẹ ṣáà mọ̀ pé a kọjá ìlú tó ń sọ Faransé, a tún bọ́ sí ìlú tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó sì di ọ̀sán Fúráìdé, a dúró sí etí adágún.

Ìsédò Owénà ni mo ń rò lọ́kàn kí n tó débẹ̀. Ẹ gbàgbé Owénà. Omi yìí, ẹ ò ní rí òdìkejì rẹ̀. Láti etí bèbè lọ ni igi ti dúró sínú rẹ̀, kò sí èèpo lára wọn, kò sí ewé, kò sí ẹ̀ka tó ju apá lọ. Wọ́n funfun bí egungun. Àwọn ẹyẹ dúdú ọlọ́rùn gígùn kan wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n na ìyẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń yáàrùn.

Inú mi dùn, ẹ má bínú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn bí ọmọdé tó rí ọkọ̀ òfuurufú. Mo mọ ìrókò láti ara bí ìdí rẹ̀ ṣe gbòòrò. Mo mọ apá. Wọ́n ní orúkọ tiwọn fún wọn: ìrókò ni ódùm, arère ni wáwà, afàrà ni òfíràmù. Mo fi ọwọ́ kan ara ọ̀kan bí ọkọ̀ wa ṣe ń kọjá, ó le bí irin. Mo ń ṣàlàyé fún ìyàwó mi pé igi tó bá wà nísàlẹ̀ omi pátápátá kì í jẹrà, torí pé atẹ́gùn kì í débẹ̀. Mo ní ibi tí omi àti atẹ́gùn ti pàdé ni ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni igi á ti kán, orí rẹ̀ á ṣubú lọ, kùkùté rẹ̀ á sì kù sábẹ́ omi ní ìwọ̀n bí àtẹ́lẹwọ́, níbi tí ojú kò ti lè rí i.

Ìyàwó mi wo omi. Ó ní, "Ṣé irú ìyẹn ni?"

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Mo ní, "Irú ìyẹn ni."

Ọkùnrin kan dúró ní iwájú ọkọ̀, ó ń fi ọ̀pá gún omi, nígbà mìíràn á gbọ́wọ́ sókè, ẹni tó ń wakọ̀ á sì pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo wa á wá máa rọra léfòó lọ láàárín àwọn igi náà láìsọ̀rọ̀, bí ẹni ń kọjá níwájú ilé olókùú. Ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ fún wa kí a má bàa rì ń rùn fún ẹja. Mo rí i pé ìyàwó mi di okùn tirẹ̀, ó tún un dì, ó sì tún un dì.

Omi kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ lọ́dọ̀ àwọn ará erékùṣù yẹn ni ìkíni wọn. Bí ẹ bá wọ ilé wọn, wọn kò ní bi yín pé kí lẹ wá ṣe. Wọ́n á fún yín ní àga. Wọ́n á fún yín ní omi. Ẹ̀yin á mu ún, ẹ ó sì dá ife padà pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n á bi yín nípa ilé, nípa ọ̀nà, nípa àwọn tí ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó ní ó dáa, àwọn ń gbọ́, kí ló gbé yín wá. Ẹni tó bá sọ tirẹ̀ kí wọ́n tó bi í, òun ni kò ní ẹ̀kọ́. Nílé wa, a ó ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Obìnrin tó ń tọ́jú ilé àlejò tí a dé sí ń jẹ́ Kòsíwá. Ó ti gbé ní Agége fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tó wà lọ́mọge, ó ń ta búrẹ́dì, Yorùbá rẹ̀ sì dùn, ó ní ẹnu Agége dáadáa. Ó ní Alátà ni wọ́n ń pe àwa níbẹ̀, àti pé ọṣẹ dúdú wa ni wọ́n fi sọ orúkọ náà di mímọ̀ fún àwọn ọmọdé. Nígbà tí mo ń sọ fún un bí igi ṣe rí lójú mi, ó fi ìka di etí kan. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin Alátà, tí ẹ bá ń báyàn sọ̀rọ̀, ẹ máa ń ṣe bíi pé ẹni náà wà lódìkejì omi."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ó ní kí Kòsíwá bá òun sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Oúnjẹ wọn sún mọ́ tiwa, kò sì jọ ọ́. Wọ́n ro ìyẹ̀fun àgbàdo pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ títí ó fi fà, ó kan díẹ̀ lẹ́nu, wọ́n sì fi ọbẹ̀ ilá tí ẹja tútù wà nínú rẹ̀ sí i. Ẹja kékeré kan wà tí wọ́n ń dín gbẹ, kò tó ìka ọmọ ọwọ́, odidi ni ẹ ó máa jẹ ẹ́, orí, egungun àti ojú. Ata dúdú tí wọ́n fi òróró sè ń jó ahọ́n títí di ọjọ́ kejì. A jẹun lórí àga pẹlẹbẹ létí omi. Oòrùn ń wọ̀ sẹ́yìn àwọn igi òkú, ìyàwó mi bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ sínú adágún. Ẹni tó bá rí wa lọ́jọ́ yẹn yóò rò pé ìgbafẹ́ ni, kò sì ní jẹ̀bi. Ìgbafẹ́ ni, fún ìrọ̀lẹ́ kan yẹn.

Ní àárọ̀ Sátidé, nígbà tí Kòsíwá gbé ògì wá, ìyàwó mi dá a dúró, ó sì sọ ohun tó gbé wa wá. Kòsíwá gbé abọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Akin? Àǹtí, Akin tó máa ń jẹun níbí? Tó máa ń gbọ́ òórùn pákó bí ẹni ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀?"

Ìyàwó mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi í bóyá ohunkóhun kù lára rẹ̀.

Kòsíwá ní ó kù. Ó ní àwọn náà ń gé irun àti èékánná ẹni tó bá kú sí àjò, torí pé wọ́n mọ̀ pé àwọn ènìyàn rẹ̀ á wá. Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni ó wà, ẹ̀gbọ́n ìyá òun. Ó bọ́ épírọ̀n rẹ̀, ó sì ṣáájú wa.

Ìyá àgbà

Inú ilé alámọ̀ kan tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù ni ìyá àgbà náà ń gbé. Ó ti darúgbó gan-an, ó jókòó lórí ẹní, àwọ̀n ìpẹja tó ń tún ṣe wà lórí itan rẹ̀. Wọ́n fún wa ní àga. Wọ́n fún wa ní omi. Ìyàwó mi mu tirẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà, ó dá ife padà, ó sì ń wo ẹnu ìyá náà. Ìyá náà ní kò sí ohun tó ń kánjú. Ó béèrè ọ̀nà. Ó béèrè òjò ilé wa. Ó béèrè bóyá a bí ọmọ. Kòsíwá ń túmọ̀, ìyàwó mi ń dáhùn. Nígbà tó yá ni ìyá náà tó ní òun ń gbọ́.

Ìyàwó mi sọ ọ́.

Ìyá àgbà gbé àwọ̀n kúrò lórí itan. Ó bá wa wí. Kòsíwá túmọ̀ rẹ̀ láìdín in kù: "Ó ní ẹ pẹ́. Ó ní kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kí ọmọ yín pẹ́ tó báyìí nílé àjèjì?"

Ìyàwó mi kúnlẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn pé nǹkan kan wà nílẹ̀. Ìyá náà mi orí.

Ó wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Alátà méjì ni omi mú lọ́jọ́ náà. Akin ni ọ̀kan. Èkejì ni ọkùnrin tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe, ó ju Akin lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, Ìlàjẹ ni, ará etí òkun ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Ìyá àgbà ní òun àti àwọn obìnrin mìíràn ló wẹ̀ wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló gé irun àti èékánná wọn, ó sì dì í. Àwọn ènìyàn Ìlàjẹ náà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n gba tiwọn, wọ́n sunkún, wọ́n lọ. Ti Akin ló kù.

Ó ní kí Kòsíwá nawọ́ sórí igi àjà. Agolo wàrà ńlá kan ni Kòsíwá gbé sọ̀kalẹ̀. Ìyá náà ṣí i, ó fa ìdì aṣọ funfun kékeré kan yọ, kò tó ẹ̀kúnwọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ìyàwó mi sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò sunkún. Ó kàn gbé e mọ́ àyà, ó sì ń sọ̀rọ̀ sí i ní èdè Oǹdó, bí wọ́n ṣe máa ń bá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, kì í sì í ṣe èmi ló ń bá sọ ọ́.

Ìyàwó mi ní kí wọ́n fi ibojì Akin han òun. Kòsíwá wo ìyá àgbà, kó tó dáhùn. Ẹni tí omi bá pa, etí omi ni wọ́n ń sin ín sí níbẹ̀, kì í ṣe àárín ìlú. Òjò ọdún yìí sì pọ̀, adágún ti wú. Ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi gbé wa dé ojú ibẹ̀. Orí igbó ẹlẹ́gùn-ún kan ló yọ díẹ̀ lójú omi, Kòsíwá ní abẹ́ ìyẹn ni, pé yóò tún jáde nígbà ọyẹ́. Omi náà pupa, kò sí ohun tí a lè rí. Ìyàwó mi fi ọwọ́ kan sínú rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Ọwọ́ kejì di aṣọ funfun náà mú.

Ohun tí mo rí

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, ìyàwó mi lọ wẹ̀. Aṣọ náà wà lórí tábìlì. Ó ti ń hu òórùn ọ̀rinrin, torí pé ó ti pẹ́ nínú agolo. Ohun tó bá tutù báyìí, èèhù á bò ó kí a tó délé. Mo tú u láti sá a sí oòrùn ojú fèrèsé.

Ó yẹ kí n sá a kí n sì yíjú. Ṣùgbọ́n ẹ mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Bí mo ṣe ń yẹ pákó wò ni mo yẹ ẹ́ wò. Irun náà dúdú, ṣùgbọ́n funfun wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan tàbí méjì, ó tàn ká bí eérú. Akin kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Mo ní bóyá èèhù ni. Mo fi ìka ra á, kì í ṣe èèhù. Mo wá wo èékánná. Èékánná àtàǹpàkò kò ṣòro mọ̀, ó fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Méjèèjì wà níbẹ̀, wọ́n nípọn, wọ́n dán.

Akin kò ní èékánná ní àtàǹpàkò òsì. Gẹdú yí lù ú ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, èmi ni mo gbé e lọ sí ọsibítù. Èékánná náà ṣí kúrò, kò sì hù mọ́, ẹran lásán ló kù níbẹ̀.

Mo dì í padà. Mo jáde lọ bá Kòsíwá lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń ha ẹja, mo bi í, bí ẹni kàn ń tọ pinpin, bí wọ́n ṣe tọ́jú ìdì méjèèjì nígbà náà. Ó ní inú agolo kan náà ni. Aṣọ kan náà ni ìyá àgbà ya sí méjì. Ó wo ojú mi, ó sì dẹ́kun ẹja híha. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé kò sí wàhálà?" Mo ní kò sí.

Nígbà tí mo padà wọlé, ìyàwó mi ti wẹ̀ tán, ó ń fi òróró pa ẹsẹ̀, ó sì ń kọ orin ìjọ. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mi ò ti gbọ́ kí ó kọrin. Ó ní, "Màmá á sùn báyìí." Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní n ó sọ ọ́ lójú omi. Lójú omi, mo ní n ó sọ ọ́ lórí ilẹ̀.

Ẹnubodè

Bí a ṣe ń bọ̀, ní ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè, òṣìṣẹ́ kan ní kí a tú ẹrù wa. Ó yẹ aṣọ wa wò, ó yẹ ẹja gbígbẹ tí Kòsíwá fún wa wò, ó yẹ ẹ̀rún igi tí mo ṣà wò. Ó wá rí aṣọ funfun náà nínú àpamọ́wọ́ ìyàwó mi. Ó ní kí ó tú u.

Ìyàwó mi fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó ní, "Ọ̀gá, àbúrò mi ni. Mò ń mú un lọ sílé."

Ọkùnrin náà ń sọ Yorùbá. Ó fà sẹ́yìn. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ó sì pe ẹnìkejì rẹ̀ kí ó ṣílẹ̀kùn fún wa. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wa yí ohùn padà láti ìgbà náà. Obìnrin kan dìde kúrò lórí àga tó fẹ̀ fún un. Ìyàwó mi jókòó síbẹ̀ bí ìyá ọmọ tuntun, èmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí mo mọ̀. Mo ń wo igi ojú ọ̀nà, mi ò lè dárúkọ ọ̀kan nínú wọn.

Ní Oǹdó

A kò dúró ní Àkúrẹ́. Oǹdó la kọjá sí tààrà. Màmá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó rí wa, ó ń kí wa, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀ tí a ò fi pe òun. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní láti sọ nǹkan kan fún un.

Ó dìde, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú bàsíà. Ó gba ìdì náà, ó gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, ó jókòó, ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sí orí itan, ó sì tú u. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ tì í. Màmá mú èékánná náà lọ́kọ̀ọ̀kan, á gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, á gbé e sílẹ̀. Nígbà tó dé ibi àtàǹpàkò, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ó ní, "Ta ló fún yín ní èyí?"

Ìyàwó mi sọ gbogbo rẹ̀, ìyá àgbà, agolo, ibojì tó wà lábẹ́ omi. Màmá jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Èyí kì í ṣe Akin."

Ìyàwó mi ní Akin ni. Màmá kò bá a jiyàn. Ó kàn mú èékánná àtàǹpàkò méjèèjì, ó gbé wọn sí ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì pa ìka rẹ̀ dé lé wọn lórí. Ó pẹ́ kí ìyàwó mi tó ṣí ọwọ́ náà. Nígbà tó ṣí i, èmi ló yíjú sí. Mi ò mọ ohun tó rí lójú mi, ṣùgbọ́n ó rí i.

Ó ní, "Ẹ ti mọ̀."

Mo ní, "Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọ̀sán Sọ́ńdè."

Ó ní, "Mo ń kọrin láti ibẹ̀ dé ibí. Ẹ jókòó tì mí, ẹ sì ń gbọ́."



Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi nípa ẹnìkejì, ọkùnrin Ìlàjẹ náà, ta ló wá gbà á, ṣé ó ní ìyá. Mo ní ohun tí mo gbọ́ ni pé àwọn ènìyàn rẹ̀ wá, wọ́n sì sunkún. Ó ronú sí i. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka nǹkan tó jìnnà: "Wọ́n ti sin Akin nìyẹn."

Láti ọdún méjì, kò tíì fi ọ̀rọ̀ yẹn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ rí. Ó sunkún nígbà náà, ẹkún tó ti yẹ kó sun tipẹ́. A jẹ́ kí ó sun ún.

Ìyàwó mi ní ọkọ̀ ṣì wà, pé ní ọjọ́ kejì gan-an a lè lọ sí etí òkun, kí a wá ilé wọn kàn, kí a dá tiwọn padà kí wọ́n dá tiwa padà. Màmá nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Kí a lọ hú ohun tí ìyá kan ti sin? Ó ti sin tèmi fún mi, kò tiẹ̀ mọ̀. Èmi tí mo mọ̀, kí n wá má sin tiẹ̀?"

Ẹ̀yìn ilé ni a sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wọn. Àlùfáà ìjọ wá. Màmá ní kò gbọ́dọ̀ dárúkọ Akin níbẹ̀, nítorí kì í ṣe Akin, àlùfáà sì dúró pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kò mọ ohun tí yóò pè é. Màmá ní kí ó pè é ní ọmọ wa. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é. Ìyàwó mi ló da iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Màmá wọ dúdú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣe ìsìn Akin, ó sì jókòó títí ó fi parí. Kò pe nọ́ńbà náà mọ́.

Ìyàwó mi ń bá mi sọ̀rọ̀, bó ṣe yẹ nínú ilé. Orin ni kò kọ mọ́. Mo fún un ní èyí kà kí n tó fi síta, torí pé mi ò fẹ́ kí ó tún bá ohun kan tí mo mọ̀ láìsọ. Ó kà á tán, kò pa nǹkan kan rẹ́. Ó ní kí n fi gbólóhùn díẹ̀ kún un, kí n sì kọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́. Òun nìyí:

Ẹ̀yin ìyá wa ní Ìlàjẹ, tí ẹ gba ìdì aṣọ funfun láti erékùṣù kan ní Gáná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má hú u. Ẹ̀yìn ilé wa ní Oǹdó ni ọmọ yín wà, a wẹ ọwọ́ kí a tó fọwọ́ kàn án, àlùfáà gbàdúrà fún un, a sì sunkún rẹ̀. Èyí tó wà lọ́dọ̀ yín, Akin ni orúkọ rẹ̀. Ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀.